Àpò Ẹ̀wà Tó Dí Gọ́tà Ilé Ìwé

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Ọjà Agbowó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún, 2025.

Àkànmú ọ̀rẹ́ mi, elétí dídi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ewúrẹ́ rẹ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn gan-an lo máa ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú ilé yẹn. Ṣé orúnkún rẹ ti gbà kí o dé oko? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ti wálẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi lò ń bèèrè, ara mi le bí òkúta Ṣakí, ọkàn mi nìkan ni kò dúró sójú kan, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Fóònù ì bá yá ju lẹ́tà lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, gbogbo àdúgbò mi ló gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìwọ nìkan ni kò gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti àdúgbò.

Ìròyìn kìn-ín-ní ni pé ọ̀rẹ́ rẹ ti di èèyàn ńlá. Wọ́n ti fi mí ṣe kọmíṣọ́nnà ètò àyíká láti Agbowó títí dé Bódìjà. Ẹni tó bá fẹ́ da pàǹtírí nù, ọwọ́ mi ló ti ń gbàṣẹ. Bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn èèyàn á dìde fún mi. Wọ́n fún mi ní fìlà, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ mẹ́tàlélógún tì mí.

Ó dáa, mo ti rí ọ tí ò ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìwé. Jẹ́ kí n bu omi là á. Kì í ṣe Agbowó títí dé Bódìjà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni. Kì í ṣe kọmíṣọ́nnà, Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Àyíká ni. Nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́tàlélógún náà, èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Orí ọmọdé ni wọ́n fi wọn fìlà náà, àtàrí mi ló ń jókòó sí bí ìdérí ìgò. Àwọn tó sì ń dìde fún mi, àwọn tí mo dí lọ́nà ni.

Bí mo ṣe kó sínú oyè yìí nìyí. Nígbà tí mo ta takisí mi, ẹni tó rà á kò kó àwọn ògbólógbòó táyà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi wà níbẹ̀ tí ẹ̀fọn ń fi wọ́n ṣe ilé. Ọjọ́ kan ni tíṣà kan tó ń jẹ́ Abdulmojeed kan ilẹ̀kùn mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi táyà yẹn ta wá lọ́rẹ, a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí i." Mo ní, "Ẹ̀fọ́ inú táyà kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa sáré ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kó wọn lọ. Kò pé oṣù kan tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ fi yọrí nínú táyà tí mo fi ná Mọ́kọ́lá sí Bódìjà. Omi tí àwọn ọmọ náà fi fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń fi bomi rin ín. Èèpo iṣu àti èèpo ọsàn ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ni wọ́n bá ní èmi ni Bàbá Ìsàlẹ̀.

Àkànmú, bí ọmọdé bá fẹ́ fi ọ́ joyè, sá. Oyè àgbà, o lè sùn lé e lórí kó má sẹ́ni tó jí ọ. Ti ọmọdé, wọn yóò máa wá yẹ̀ ọ́ wò. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n ń wá sí yàrá mi. Garawa mẹ́ta ni wọ́n ní kí n gbé kalẹ̀: ọ̀kan fún èèpo oúnjẹ, ọ̀kan fún ọ̀rá àti ike, ọ̀kan fún ìyókù. Olórí wọn ni Islamiat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, tí ìwé àkọsílẹ̀ kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Ó bojú wo garawa mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ní, "Bàbá, èèpo ọsàn kì í bá ọ̀rá gbé o." Mo ní wọ́n ti ṣègbéyàwó kí ó tó dé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ tú wọn ká, sà." Mo tú wọn ká.

Láti ìgbà náà, mo ti di ẹlẹ́wọ̀n. Mi ò lè sun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé mọ́, èéfín á pe àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan nínú kẹ̀kẹ́ márúwá ní Bódìjà, mo mu omi tán, mo ju ọ̀rá rẹ̀ síta, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan láti inú kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn wa: "Háà! Bàbá Ìsàlẹ̀!" Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, mo mú ọ̀rá náà. Kí n tó nàró, oníkẹ̀kẹ́ ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́ bí ẹni gba àmì ẹ̀yẹ.

Ó yẹ kí n sọ nípa Àtọ́kẹ́ fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bó ṣe kàn mí lọ. Ẹnu géètì ilé ìwé yẹn ló ti ń ta mọ́ínmọ́ín. Ọmọ Ìgbòho ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, mọ́ínmọ́ín náà ló sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nítorí pé Òkè Ògùn ni a jọ ti wá, ó fi mí ṣe bàbá. Inú ọ̀rá ló ń sè é sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ló lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó padà sí ewé, ó sì padà sí ewé, bí ewé tilẹ̀ ń gba àkókò tí fífọ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún lẹ́yìn. Bí Islamiat bá ń fi ẹnì kan ṣàpẹẹrẹ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, "Ìyá Eléwé" ló máa ń pè. Èmi tí mo wọ fìlà, kò fi mí ṣàpẹẹrẹ rí.

Ọjà Bódìjà ni Àtọ́kẹ́ ti ń ra ẹ̀wà. O mọ̀ pé àwọn alárù ibẹ̀ máa ń fi ọ̀dà kọ àmì sára àpò oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí ẹrù má baà ṣìlọ. Àmì tirẹ̀ ni ìlà pupa méjì tó gba ara wọn kọjá, pẹ̀lú òbìrí kékeré kan nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lágbègbè wa. Bí ẹ̀wà bá tán, ó máa ń fi àpò ta èèyàn lọ́rẹ. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó ní, "Bàbá, ẹ máa kó ọ̀rá yín sí i, kí àwọn ọmọ yìí lè jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi." Mo gbà á, mo súre fún un.

Oṣù tó kọjá ni a ṣe ìpàdé ńlá, àwọn òbí, àwọn aládùúgbò àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Gọ́tà tó kọjá níwájú ilé wa ló ń gba abẹ́ ògiri ilé ìwé wọlé, tó sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ àwọn ọmọ. Ìyáàfin Akíndúró, ọ̀gá ilé ìwé, ní àwọn adájọ́ ìdíje àyíká ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, pé ilé ìwé tó bá gbégbá orókè yóò gba táǹkì ńlá tí yóò máa gba omi òjò. Ó ní kí gọ́tà má dí o. Fìlà orí mi mú kí ara mi gbóná. Mo lu tábìlì, mo ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà yìí, kó gbé igbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì, kó má sì padà wá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ fi ta wọ́n. Ìyáàfin Akíndúró kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí tó gba ìlà mẹ́rin.

Wàyí o, ìwọ nìkan ni mo ń sọ eléyìí fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń tan àwọn ọmọ náà jẹ. Garawa mẹ́ta tí wọ́n ń rí lọ́jọọjọ́ Sátidé, ti ojú ayé ni. Ìdọ̀tí mi gan-an, inú àpò ẹ̀wà Àtọ́kẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń rọ́ gbogbo rẹ̀ sí, èèpo iṣu, ọ̀rá omi, bàtà jíjá, eegun ẹja, kí n má baà jókòó máa ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, òórùn rẹ̀ ti ń jí mi kí àkùkọ tó kọ. Sátidé sì ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òjò ṣú.

O rántí ìgbà tí èmi àti ìwọ jọ ń gbé yàrá kan ní Mọ́kọ́lá? Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo ilé á gbé garawa pàǹtírí dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń dúró de mọ́tò. Bí àgbàrá bá ti dé, a ó dà á sí i, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òjò ti gbé e lọ. Ibi tó ń gbé e lọ, a ò bèèrè rí. Èrò ìgbà náà ló wọ orí mi. Ṣùgbọ́n nígbà náà, dídà là ń dà á. Lọ́jọ́ yìí, ojú tì mí kí ẹnì kan má rí ohun tó wà níbẹ̀, mo bá so ẹnu àpò pọ̀, mo sì taari rẹ̀ lódindi sínú gọ́tà. Àgbàrá gbé e. Mo dúró lójú fèrèsé, mo juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Kò lọ jìnnà. Abẹ́ ògiri ilé ìwé ló ti há. Omi tí kò rọ́nà gbà gun ògiri, ó wó apá kan rẹ̀, ó sì ya wọ ọgbà. Ọlọ́run ṣe é, àwọn ọmọ ti lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀fọ́ kan lórí ìdúró. Táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́. Ajílẹ̀ tí wọ́n ti ń kó jọ láti oṣù Kìíní wà lórí àga kíláàsì kìn-ín-ní. Tíṣà Abdulmojeed wọ inú gọ́tà lọ, ó fa àpò náà jáde, ó sì gbé e sílẹ̀ lójú gbogbo ilé ìwé pẹ̀lú ìlà pupa méjì àti òbìrí kékeré. Wọ́n ní Islamiat kàn jókòó sórí ẹrẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹjọ́ Àtọ́kẹ́ sí Mọ́ńdè, èmi tí mo ṣòfin ni wọ́n sì ní kí n dá a.

Ní Sátidé, mo ní ibà ń ṣe mí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo faṣọ borí. Mo rò pé wọn yóò padà lọ. Àwọn mẹ́tàlélógún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé ewé dóńgóyárò wá kí wọ́n lè bá mi sè é. Odindi wákàtí méjì ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, tí mi ò lè jáde, nítorí ẹni tí ibà ń ṣe kì í sáré. Islamiat fi ẹnu sí ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ má kú o. Mọ́ńdè lẹ máa ṣe ìdájọ́." Aládùúgbò mi kan bá wọn se ewé náà. Mo mu ife méjì. Àkànmú, ó korò ju òfin tí mo ṣe lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bèèrè ara mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, àpò mẹ́ta ni mo fi tọrẹ lọ́dún yìí. Mo lọ bá onígàrí, ó fi tirẹ̀ hàn mí. Mo lọ bá bùrọ̀dá tó ń lẹ táyà, tirẹ̀ wà nílẹ̀. Tiyín ńkọ́, sà?" Mo ní, "Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Àwa méjèèjì wo ibi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ì bá ká a sókè. Kò ká a. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó dìde, ó sì bá mi pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Ní Mọ́ńdè, kíláàsì kẹrin ni a jókòó sí. Wọ́n gbé mi sórí àga, wọ́n fi fìlà dé mi lórí. Àpò náà wà lórí tábìlì níwájú mi, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìyáàfin Akíndúró bi Àtọ́kẹ́ pé, "Ta lẹ fún ní àpò yìí?" Àtọ́kẹ́ ní, "Èèyàn pọ̀ tí mo máa ń fún, mà. Mi ò rántí." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò mí. Òbí kan ní irọ́ ló ń pa, pé ẹni tó ń fi ewé sè kì í ní ìdọ̀tí ọ̀rá tó báyìí bí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́. Tíṣà Abdulmojeed ní, "Ó dùn mí, Ìyá Eléwé. Ṣùgbọ́n òfin tá a jọ ṣe ni, a ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹni wa lẹ jẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ṣí fìlà, mo gbé e lé orí àpò. Mo ní, "Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Èmi ni." Mo sọ ọ́ bí ó ṣe rí, látorí garawa dé orí fèrèsé. Ìyáàfin Akíndúró nu ojú rẹ̀. Tíṣà ní àgbà tó bá sọ òtítọ́ ti tún ọgbà ṣe tán. Àwọn ọmọ yí mi ká, Islamiat sì ní òun ti dárí jì mí, kí n ṣáà máa tú wọn ká. Àtọ́kẹ́ ṣì wà lẹ́nu géètì, ó ń tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí?

Kí Ọlọ́run dá orúnkún rẹ padà fún ọ. Kí iṣu rẹ ta lọ́dún yìí kó má sì jẹ́ pé ewúrẹ́ rẹ ló máa jẹ ẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ ìyàwó rẹ láti máa pariwo sí ọ létí, nítorí ọjọ́ tó bá dákẹ́ lo máa mọ̀ pé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà tó máa fún ọ ní lẹ́tà yìí, fún un ní omi tútù, má sì bá a jiyàn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà yàrá kan ní Mọ́kọ́lá,
Gbádérọ̀.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún ya á. Àkànmú, ìpínrọ̀ tí mo ti ní mo dìde yẹn, mi ò dìde. Ìyáàfin Akíndúró yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ìsàlẹ̀, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ kù sí." Mo ní, "Kó máa lọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wí. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ kí mi kí ó tó jáde. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì lọ́nà Òjóò ló wà báyìí, pé kì í tà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́rú tí àwọn adájọ́ dé, ẹrẹ̀ ni wọ́n bá, wọ́n kí wa, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n rí i pé ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èmi ni mo ju àpò náà sínú gọ́tà. Èmi náà ni mo lé Àtọ́kẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó mọ̀, kò sì sọ. Yàtọ̀ sí òun, ìwọ nìkan ló tún mọ̀.